Ṣọ́ọ̀bù Ọtí Tí A Ó Ti Ra Wáìnì Ìrántí Ìyá Rẹ

Darejani ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú ìlú ńlá, mo sì kí ọ kú àtẹ̀gùn ilé gíga yẹn tí kì í tán bọ̀rọ̀. Ọlọ́run tó dá igi àjàrà kò ní jẹ́ kí omi ara rẹ gbẹ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ lójú ọ̀nà, ẹni tí yóò ṣe ọ́ lóore kò ní ṣì ọ́ mọ̀. Ara èmi le. Ojú mi tí dókítà ṣiṣẹ́ abẹ sí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ ti ń ríran dáadáa, ó tilẹ̀ ń ríran ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ náà gan-an ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ nínú lẹ́tà yìí.

Nílé, màlúù wa ti bí abo. Òjò oníyìnyín gbá àwọn èso orí igi ẹ̀yìnkùlé dànù, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan àjàrà. Àlùfáà wa ń wúkọ́, síbẹ̀ kò dín ìwàásù kù. Ajá wa kò wọ inú ilé tí a ri ìkòkò wáìnì mọ́lẹ̀ sí mọ́ láti ìgbà òtútù. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ló ń jókòó sí, yóò kọjú sínú òkùnkùn, yóò sì máa ju ìrù bí ìgbà tó rí ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Mo rò pé eku ni. N kò tíì rí ajá tó ń ju ìrù sí eku nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ni wọ́n ń kọ sínú ìwé.

Ọdún kan tí ìyá rẹ ti lọ ti fẹ́ pé. O mọ àṣà ilé wa. Wáìnì tí àwọn àlejò yóò mu, ibi tó bá wù wá la ti lè rà á. Ṣùgbọ́n ife kan ṣoṣo tí a ó dà sórí sàréè, inú ìkòkò tí òkú fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí ló gbọ́dọ̀ ti wá. Àwọn àgbà ní bí òkú kò bá mu ife yẹn, kò ní mọ̀ pé ọdún ti pé, kò sì ní rọ́nà lọ. Láàárín ilé àti ibi tó ń lọ ni yóò máa rìn. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo ti ka ìwé tó ní òótọ́ ni, mo ti ka èyí tó ní irọ́ ni, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì kọ dáadáa. Ṣùgbọ́n Pikria ìyá rẹ ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. N kò lè fi í sójú ọ̀nà nítorí iyèméjì tèmi.

Ìwọ lo sọ fún mi pé kí n má yọ ara mi lẹ́nu nípa wáìnì àwọn àlejò, pé ṣọ́ọ̀bù ọtí pọ̀ ní àdúgbò rẹ, kí n yan èyí tó bá tẹ́ mi lọ́rùn nígbà tí o bá wà níbi iṣẹ́. Mo yan án, n kò kàn sọ bí ó ṣe rí fún ọ ni. Jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí.

Mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ń dán yẹn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé elégbòogi. Ọmọlúàbí ènìyàn kan ló ń ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀, nítorí kí n tó kan ilẹ̀kùn ló ti là. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dúró kí n rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kó jáde. Lẹ́yìn tí mo wọlé tán, kò pa ilẹ̀kùn náà dé. Ó ṣí i sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de arúgbó tí kò lè yára. Lórí káńtà wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan kọ́, kò ní ohùn, eré orí rẹ̀ kò sì dùn rárá: ọkùnrin arúgbó kan ló dúró níwájú ọtí, ó dé fìlà bíi tèmi, obìnrin kan tó wé gèlè dúdú sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àánú ọkùnrin náà ṣe mí, ó jọ ẹni tí kò ní ìyàwó tó ń bá a gé irun ọrùn. Mo yí padà kí n bi àwọn tó wà lẹ́yìn mi pé kí ni orúkọ eré náà, kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn mi.

Mo ní kí ọmọbìnrin tó ń tajà jẹ́ kí n tọ́ wò. Ó bu díẹ̀ fún mi. Mo yọ búrẹ́dì láti inú àpò, mo kán wáìnì sí i kí n tó mu, bí a ṣe ń ṣe tó bá jẹ́ ti òkú. Ó figbe ta. Ó ní, Bàbá, ẹ̀ ń da nǹkan kálẹ̀, ṣé ẹ rò pé oko nìyí ni! Mo ní, ọmọ mi, ìyàwó mi ni mò ń fún. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó sì wo òkè níbi tẹlifíṣọ̀n. N kò mọ ohun tó rí nínú eré náà. Mo jáde, ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn sì tún ṣí i pẹ́.

Èkejì ni ti ọkùnrin onírùngbọ̀n tó wà ní kọ̀rọ̀. Ó ní wáìnì, ó ní ọtí líle tí wọ́n fi èèpo àjàrà pọn, ó ní ti Rọ́ṣíà àti ti Faransé. Mo bi í pé èwo ló dára. Ó ní òun kì í mu, ikùn òun kò gbà á. Mo ní báwo lo ṣe wá mọ èyí tí ò ń tà fún ènìyàn? Ó fi fóònù hàn mí, ó ní eléyìí ní ìràwọ̀ mẹ́rin àtààbọ̀. Mo ti ka ìwé lórí ìràwọ̀ dáadáa, èmi tí mo ṣọ́ ilé ìkàwé abúlé títí wọ́n fi tì í pa, n kò kà á rí pé wọ́n gé ọ̀kan sí méjì. Mo bi í pé ta ló gé e. Ó ní, àwọn ènìyàn ni, Bàbá. Mo ní, ṣé wọ́n gòkè lọ ni? Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, Bàbá, ẹ wá máa jókòó síbí lójoojúmọ́, ẹ máa pa àwọn oníbàárà mi lẹ́rìn-ín, n ó máa fún yín lówó. Èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í mu, n kò lè ra wáìnì òkú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ti rẹ̀ mí. Mo gbé fóònù tí o fi sílẹ̀ fún mi jáde, mo tẹ ibi tí o ní kí n tẹ̀ kí obìnrin inú rẹ̀ lè mú mi délé. Sùúrù obìnrin yẹn pọ̀. Ó ní kí n yà sósì, mo yà. Ó ní kí n rọra, òkúta wà lójú ọ̀nà, òkúta sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó mú mi gba ẹ̀yìn ilé yín, lábẹ́ aṣọ tí wọ́n sá, dé ibi àtẹ̀gùn kan tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilẹ̀, ó wá ní mo ti dé. Mo ní, màmá, ibí kọ́ ni ilé ọmọ mi. Ó tún ní mo ti dé. Mo bá sọ̀ kalẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ni. Kò ní tẹlifíṣọ̀n. Àgbá onígi ló tò sára ògiri, ike òfìfo tí ènìyàn yóò bu wáìnì sí wà nílẹ̀, búrẹ́dì sì wà lórí káńtà, wọ́n ti gé e sílẹ̀. Obìnrin tó ń jẹ́ Venera ló ni ín, ó tóbi, ohùn rẹ̀ kẹ̀. Kí n tó sọ nǹkan kan, ó ní ti ayọ̀ ni àbí ti òkú? Mo ní ti òkú. Ó fa búrẹ́dì sún mọ́ mi. Ó ní, ẹ jókòó, Bàbá, ẹ máà dúró bí ọlọ́pàá. Nínú ọkàn mi mo ní mo ti rí ṣọ́ọ̀bù. Darejani, bí o bá fẹ́ yan ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí, má wo iná rẹ̀, má wo ìgò rẹ̀, wò ó bóyá búrẹ́dì wà níbi tí ọwọ́ rẹ yóò tó o.

Mo kán an sórí búrẹ́dì, mo mu ún. Adùn ewé ọ̀pọ̀tọ́ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ lẹ́nu mi.

O rántí. Gbogbo abúlé ló ń fi èèpo igi fọ ìkòkò wáìnì, ìyá rẹ nìkan ló tún ń fi ewé ọ̀pọ̀tọ́ fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn, tí àwọn obìnrin fi ń bú u pé ṣé ó fẹ́ se ọbẹ̀ ni. Mo gbé ife sílẹ̀. Mo bi Venera pé níbo ló ti rí wáìnì yìí. Ó ní obìnrin kan ló ń gbé e wá, nínú kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ búlúù, ó ń fa ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Ó ní kì í gba owó. Òun ti rọ̀ ọ́ títí, kò gbà á. Ó ní obìnrin náà kàn sọ pé òun fẹ́ kí ó wà níbi tí ọmọ òun ń gbà kọjá, pé ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ náà ń gba orí àtẹ̀gùn yẹn lọ sílé, kò wo ìsàlẹ̀ rí. Mo rẹ́rìn-ín. Venera ní, Bàbá, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ mu ún tán, ó ń tutù. Báwo ni wáìnì ṣe ń tutù? N kò bi í. Mo mu ún tán, mo sì sọ pé ọmọ mi ni yóò wá rà á, nítorí n kò lè gbé e wọ ọkọ̀.

Mo padà sílé lábúlé. Mo sọ fún ara mi pé ewé ọ̀pọ̀tọ́ pọ̀ láyé, obìnrin tó ń fa ẹsẹ̀ bíi ti ìyá rẹ pọ̀, kẹ́ẹ̀gì búlúù pọ̀ ju àwọn méjèèjì lọ. Mo pe Shakro aládùúgbò wa kó wá bá mi ṣí ìkòkò ìyá rẹ, kí a lè bu ife orí sàréè sílẹ̀ kó tó dọjọ́ náà. Amọ̀ tí ìyá rẹ fi dí i kò sán. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó fi tẹ amọ̀ náà wà níbẹ̀ kedere, ojú òrùka rẹ̀ náà wà níbẹ̀. A ha amọ̀ kúrò, a gbé òkúta ẹnu rẹ̀. Ìkòkò tí ènìyàn lè dúró sínú rẹ̀, Darejani, kò sí ẹ̀kán kan nínú rẹ̀. Òórùn nìkan ló kù.

Shakro ní, Ilarioni, ìwọ alákòwé, ìwọ lo mu ún, o wá pè mí kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí! Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ó lè jẹ́ pé ìdí ìkòkò ti là. A pọn omi, a pọn títí ó fi kún dé ẹnu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ a padà wá wò ó, omi náà kò fà rárá, ó dúró, ó ń wò wá. Shakro kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbàgbé fìlà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, kò sì tíì wá mú un.

Kẹ́ẹ̀gì búlúù wa wà lára ìṣó níbi tó máa ń wà. Mo gbé e wálẹ̀. Ìdí rẹ̀ ti jẹ, bí ohun tí wọ́n ń wọ́ lórí ọ̀nà ọ̀dà, bẹ́ẹ̀ abúlé wa kò ní ọ̀nà ọ̀dà. Nígbà tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, ó kán lẹ́ẹ̀kan sí mi lọ́wọ́, ó pupa.

Mo ń wá ohun tí n ó fi ṣe àlàyé rẹ̀. Ó lè jẹ́ olè. Olè wo ni yóò bu wáìnì tán tí yóò dá àtẹ́lẹwọ́ òkú padà sórí amọ̀? Ó lè jẹ́ ojú mi tuntun. Ojú ha ń tọ́ nǹkan wò bí? Ìgbà tí o sì pè mí lánàá, tí mo ní kí o bá mi kí obìnrin inú fóònù rẹ, o rẹ́rìn-ín, o ní ẹ̀rọ ni, pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni o ní kó máa sọ. N kò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ mi, mo sì gbọ́ gbogbo ohun tó wí. Èdè wa ló sọ, ó ń fa ìparí ọ̀rọ̀ bí àwọn ará òdìkejì odò, níbi tí mo ti lọ fẹ́ ìyá rẹ.

Nítorí náà ife orí sàréè wà lọ́dọ̀ rẹ, lábẹ́ àtẹ̀gùn tí ò ń gbà kọjá. Kò sí ní ibòmíràn mọ́. N kò bá ọ wí pé o kò tíì wálé láti ọjọ́ ìsìnkú. Mo mọ̀ pé ilé tí ìyá kò sí máa ń ṣòro fún ọmọ láti wọ̀. Ó jọ pé òun náà mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi gbé wáìnì rẹ̀ wá bá ọ. Sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Venera. Bí ó bá bi ọ́ pé ti ayọ̀ ni àbí ti òkú, dá a lóhùn. Jẹ búrẹ́dì. Bí ẹnì kan bá wọlé tó ń fa ẹsẹ̀, dìde fún un lórí àga, má sì sáré. Má fi wáìnì náà rán awakọ̀, ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé e wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Àbẹ́là ti tán nílé, àlùfáà náà yóò fẹ́ nǹkan, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró. Owó tí mò ń tọrọ, má fi ránṣẹ́ sí mi. Fi san ìjókòó méjì nínú bọ́ọ̀sì, kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀bá fèrèsé, nítorí o mọ̀ pé bí ìyá rẹ kò bá rí afẹ́fẹ́, ọkọ̀ ń rìn ín nínú. N kò sọ pé mo gbà á gbọ́. Mo kàn ń wò ó pé bí irọ́ bá ni, ìjókòó kan ló ṣófo, bí òótọ́ bá ni, ẹni tó ti ń fẹsẹ̀ rìn láti ìgbà òtútù yóò sinmi.

Kí ọ̀nà mọ́ fún yín. Kí ohun tó mú yín jáde mú yín délé, kí a pàdé nídìí tábìlì, kí olúkúlùkù sì mọ ibi tí yóò sùn lẹ́yìn rẹ̀. Bí awakọ̀ bá ní òun kò lè gbéra, pé òun ń dúró de ẹni tó ni ìjókòó ẹ̀bá fèrèsé, sọ fún un pé kó máa lọ, ẹni náà ti wọlé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ilarioni