Garawa Bàbà Méjì àti Ìsun Òkè

Èmi Dona, ọmọ Mitko tó ń sin oyin, ìyàwó Vlado Karov ti abúlé Studen Dol, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé, ara mi le, ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, kí ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe. Ìrètí mi ni pé a ó fi ìwé yìí dáná nígbà ìrúwé. Ṣùgbọ́n yìnyín àkọ́kọ́ já lánàá, ọ̀la ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi.

Ìkíní. Vlado ọkọ mi ni mo fi ṣe alámòójútó ìhágún yìí. Òun ni mo fún ní ewúrẹ́ mi méjèèjì àti ilé oyin mẹ́ta tí bàbá mi fi sìn mí wá. Ewúrẹ́ dúdú máa ń tàpá, àmọ́ bí o bá kọrin fún un, á dúró.

Ojú ń tì mí láti kọ èyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni n kò fi lè pe orúkọ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ná" ni mò ń pè é. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ṣé Ẹ-gbọ́-ná ni àlùfáà sọ mí lọ́jọ́ tí wọ́n ń sàmì fún mi ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí ìyẹ̀fun fi dà nù lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ náà ni ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Ìkejì. Òfì ìhunṣọ mi di ti Zorka, àbúrò Vlado, tí ọmọ ẹni tó ń lọ ọkà ní abúlé wa yóò gbé níyàwó lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹní pupa wà lórí rẹ̀, etí rẹ̀ ló kù. Kí ó bá mi parí rẹ̀.

Ìkẹta. Ọ̀rọ̀ omi. Ìsun méjì ló wà ní abúlé wa. Ti ìsàlẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà wa gan-an. Ti òkè wà lẹ́yìn àpáta. Ọ̀nà rẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ méjì lọ, ọ̀gbun sì wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin ni pé ìyàwó tuntun ni yóò máa pọn omi ilé ọkọ rẹ̀ láti òkè ní ìgbà òtútù rẹ̀ àkọ́kọ́, òun nìkan. Ilé tó bá rú u, kò sẹ́ni tí yóò bá wọn gé koríko, kò sẹ́ni tí yóò bá wọn sin òkú.

Olùkọ́ Asen rí ìdí rẹ̀ nínú ìwé àtijọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní igba ọdún sẹ́yìn, àjàkálẹ̀ àrùn dé nígbà òtútù, wọ́n ju òkú sínú ìsun ìsàlẹ̀. Àwọn ìyàwó tó ti abúlé mìíràn wá kò mọ̀, wọ́n ń pọn ọ́n, wọ́n sì ń kú; ìyẹn ni wọ́n fi ṣòfin pé òkè ni kí ìyàwó tuntun máa lọ. Àrùn ti lọ. Lónìí màlúù wa ń mu omi ìsàlẹ̀, àwa náà ń mu wàrà rẹ̀.

Mo bi Ìyá Gyurga, ìyá ọkọ mi, pé kí ló dé tí a kò jáwọ́ nínú òfin náà. Ó ní, "Ìyàwó, ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí o lò, wọn ò ní kí o lo ẹnu." Mo kà á sí ìkà. Nígbà tó jẹun tán, ó wí wẹ́ẹ́rẹ́ pé, "Rumena àbúrò mi ṣubú níbẹ̀ lọ́dún tó ṣègbéyàwó. Bí a bá ní omi ìsàlẹ̀ dára, kí ni Rumena wá kú fún?"

Ó pẹ́ tí àrùn ti tú ọwọ́ lára òfin yìí. Àwọn òkú wa ló dì í mú.

Ìkẹrin. Garawa bàbà mi méjèèjì àti ọ̀pá èjìká wọn. Bí mo bá ṣubú, kí Vlado wá wọn rí, bí wọ́n tilẹ̀ tẹ̀, kí ó kó wọn fún Zorka, kí Zorka sì fi wọ́n pọnmi ní ìsun ìsàlẹ̀ lójú gbogbo abúlé, ní ìgbà òtútù rẹ̀ àkọ́kọ́ nílé ọkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ni Dona wá kú fún, kí ó dáhùn pé Dona fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: òun kò kú fún ohunkóhun, òun kàn yọ̀ ṣubú ni.

Ìkarùn-ún. Bí n kò bá ṣubú, èmi gan-an ni màá bá Zorka gbé garawa kan lọ sí ìsun ìsàlẹ̀ lọ́dún náà.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá, ọdún 1931.
Dona Karova

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Asen Bozhkov, olùkọ́.
Gyurga Karova. Kò mọ̀wé; àtàǹpàkò rẹ̀ nìyí. Kí ó tó tẹ̀ ẹ́, ó ní kí olùkọ́ tún ìkẹrin kà sí òun létí.