Ẹtu Tí Kò Sá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́... ọkọ mi ń kó mi nírìíra. Ó tán, mo ti sọ ọ́. Kò nà mí o, kò mutí, kò gbé obìnrin kankan. Fọ́tò ló yà. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rín tán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi dópin.

Èmi àti ẹ̀ la jọ ń ya fọ́tò ní àdúgbò Adébáyọ̀, níbí ní Adó-Èkìtì, orúkọ mi ló wà lára ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo máa ń lọ síbi bọ́ọ̀lù àti inter-house àwọn iléèwé, òun fẹ́ràn ẹyẹ àti ẹran inú igbó. Nígbà tí a fẹ́ ra lẹ́ńsì tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra, ọ̀kan ṣoṣo lagbára wa ká. Mo ní ká ra èyí tí wọ́n ń pè ní 70-200, torí ó máa ń gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa, kódà tí ojú ọjọ́ bá ṣú, ọmọ tó ń sáré ìje ò ní di bàìbàì. Òun ní rárá, 150-600 tó gùn jù ú lọ ni. Mo ní èyí yẹn wúwo bí ọmọ odó, tí èèyàn bá sì fà á dópin, ìmọ́lẹ̀ ò ní wọlé tó, báwo lèèyàn ṣe máa fi ya nǹkan lábẹ́ igi? Ẹ wá gbọ́ ohun tó fi borí mi... ó ní tí lẹ́ńsì bá gùn, a ò ní sún mọ́ ẹranko, kò ní mọ̀ pé a wà níbẹ̀, ẹ̀rù ò ní bà á, á máa jẹko ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, honestly. Mo ní ọkọ mi láàánú lójú. A ra 150-600.

Ohun tí mo sọ náà ló ṣẹlẹ̀. Igbó ọ̀nà Àrámọkọ tó ń lọ, inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, ẹranko ò dúró, gbogbo fọ́tò tó ń mú bọ̀ blur. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, mi ò purọ́. Àfi lọ́jọ́ kan tó dé tẹ̀ríntẹ̀rín, tó fi ẹtu kan hàn mí nínú kámẹ́rà, ẹtu tó dúró sínú oòrùn gbangba, tó ń wo wa tààrà, èèyàn lè ka irun ojú ẹ̀. Mo pariwo, mo dì mọ́ ọn! Ó tún gbé ẹran ìgbẹ́ dání nínú ọ̀rá, ó ní ọdẹ kan ló fún òun. Ẹ ṣáà mọ àwa ará Èkìtì... kí n tó gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ó ti ń pariwo "Uyán dà?" Mo gúnyán, mo se ẹran náà, èmi gan-an ni mo fa mùdùnmúdùn eegun ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ yẹn ní egbò yíká, mo rò pé tàkúté ni.

Fọ́tò yẹn dé orí page wa, gbogbo ayé ń yìn mí, torí orúkọ mi tó wà níbẹ̀, wọ́n rò pé èmi ni mo yà á. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Ìlá níbí ní òun fẹ́ gbé e kọ́ sí kíláàsì. Ọkọ mi tẹ̀ ẹ́ fún un ní ńlá. Inú mi dùn, mo ní kí n wá àwọn yòókù nínú memory card, bóyá èyí tó tún dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ wà... Ha! Ẹtu yẹn ló ń fò, tó ń ṣubú, tó tún ń fò, okùn tín-ín-rín lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n so ó mọ́ èèkàn láàárín oko. Ọdẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń jẹ àgbàdo sísun, wọ́n ń dúró kó rẹ̀ ẹ́. Èyí tí gbogbo ayé ń yìn yẹn, ìgbà tí kò lè dìde fò mọ́ ni. Ọkọ mi wá fi kọ̀ǹpútà pa okùn rẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn... ẹsẹ̀ tí mo jẹ! Mo sáré bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo bì.

Nígbà tí mo bi í, ó rẹ́rìn-ín o. Ó ní ọdẹ ò fún òun, ààyè lòun rà á lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́bàá títì, káwọn tó jọ mú un wọ oko, ìkòkò náà ló kúkú ń lọ, kí ló wá burú tóun bá yà á kó tó débẹ̀? Ó ní ṣèbí èmi náà jẹ. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí mo jẹ ẹ́ lóòótọ́, mo sì tún bù sí i. Mi ò ní n ò jẹ ẹran ìgbẹ́ o, ọdẹ ni bàbá tó bí mi! Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í fi ẹran ṣeré kó tó pa á. Tí ọkọ mi bá fọwọ́ kàn mí báyìí, ara mi a bù máṣọ. Ọwọ́ yẹn náà ló ń bu ọbẹ̀, ọwọ́ yẹn náà ló ń gbé ọmọ wa... ṣé èmi ni mo ń ṣàṣejù ni?

Tíṣà yẹn ti ní kí n wá bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ lọ́la. Ó ní ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi òun, pé kí ni Àǹtí ṣe tí ẹtu ò fi sá fún wọn? Ọkọ mi ní kí n sọ pé sùúrù ni. Tí mo bá sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ á dé ìgboro kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé mi àti ṣọ́ọ̀bù wa lè bá a lọ. Tí mo bá sì purọ́, ọmọdé ni mo máa wò lójú purọ́ fún. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ bá mi dá sí i... wọ́n máa bi mí ìdí tí kò fi sá. Kí ni kí n wí?