Ògiri Funfun Ẹ̀yìn Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín tìyàwó tọmọ. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ti ń san.

Ẹ ní fọ́tò Màmá tí mo fi ránṣẹ́ pọ́n bí ìyeyè, pé ṣé mo ti gbàgbé iṣẹ́ fọ́tò ni. Ó dùn mí. Mo wọ yàrá òkùnkùn tí mo ti ń tẹ fọ́tò, mo tún un tẹ̀. Bí mo bá ti yọ àwọ̀ ìyeyè yẹn kúrò lójú wọn, ògiri funfun ẹ̀yìn wọn á di búlúù. Ìyàwó mi ní, "Ògiri ò lè purọ́. Ẹ lọ wo Màmá fúnra wọn."

Mo ká kọ́tìnnì yàrá wọn. Ẹyinjú wọn pàápàá ti pọ́n bí ìyeyè. Wọ́n ní, "Má sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ o. Á ní owó ni mò ń wá."

Mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ní àrùn ẹ̀dọ̀ ni. Fọ́tò ni gbogbo wa ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ jù.

Àbúrò yín