Irọ́ tí mo pa nínú fíìmù ẹgbẹ́ wa

Ọjọ́bọ̀, Lálúpọn

Bùsọ́lá, ọmọ tó ń ṣe fíìmù nípa ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin wa tó túká, gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá lónìí kí n wo ibi tó bá iṣẹ́ dé. Mo rí ara mi níbẹ̀ tí mò ń sọ pé Sidikátù, balógun ẹgbẹ́ Adégbayì, ló fa àwọn ọmọ wa lọ. Gèlè mi tiẹ̀ tún wọ́.

Irọ́ ni. Èmi ni mo kó àwọn mẹ́rin tó mọ bọ́ọ̀lù jù lọ bá ọkùnrin kan tó ní òun máa mú wa gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun. Kò mú wa débì kankan. Ojú tì wọ́n, wọn ò padà sí pápá mọ́.

Mo ní kí Bùsọ́lá yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ibẹ̀ gan-an ló dùn jù."

"Irọ́ ni. Gbé kámẹ́rà rẹ wá lọ́la, màá sọ òótọ́."

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí Sidikátù kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú fíìmù. Mo wọkọ̀ lọ sí Adégbayì. Mo bá a níbi tó ti ń ṣẹ́ àgbàdo, mo sì jẹ́wọ́ lórí ìdúró.

Kò bú mi. Ó ní, "Títí ìyá mi fi kú, wọ́n gbà pé èmi ni mo tú ẹgbẹ́ yín ká."

Mo sọ fún un pé Bùsọ́lá ń gbé kámẹ́rà bọ̀ lọ́la kí n lè sọ òótọ́.

Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la, òun fẹ́ fi etí ara òun gbọ́ ọ. Kó máa bọ̀. Ojú rẹ̀ ni màá wò sọ ọ́.