Epo Tó Ṣẹ́ Kù ní Sátidé

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, ẹ sì kú ojú lọ́nà wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Turffontein, ní Johannesburg, lórí ilẹ̀ tó tutù débi pé orúnkún mi ò jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀. Mo kí àbúrò mi Fúnmi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kí ó rọra kà á, kí ó má fo ibì kankan. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn àna wa. Àwọn ará ìjọ wa níbí ló ní kí n jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn wọn, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá ló wà nílé tí kò mọ ohun tí ojú ọmọ wọn ń rí lájò. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ara wa le. Káyọ̀dé, ọmọ-ọmọ yín, ṣì ń fi ọkọ̀ pupa kékeré rẹ̀ kó irun àti ìpara láti Hillbrow lọ fún àwọn onísàlúùnù káàkiri. Ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Durban, ìparí oṣù ló ń wálé. Èmi àti Tọ́lá, ọmọ wọn, la jọ ń wo ara wa. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ọpọlọ rẹ̀ pé, mo sì ń fi í yangàn níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. A ń gbọ́ ara wa yé, àmọ́ ọ̀rọ̀ wa kì í gùn.

Oṣù keje la wà. Òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín, níbí ẹ̀kán omi kan ò sí. Òtútù ibí gbẹ, ó ń bó ètè bí ọyẹ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ò tó o: bí ilẹ̀ bá mọ́, koríko iwájú ilé á funfun bí ìgbà tí wọ́n da iyọ̀ sí i. Tó bá fi di aago mẹ́jọ, Káyọ̀dé ti lọ, Tọ́lá ti lọ sílé ìwé, èmi nìkan á wá jókòó síbi tí oòrùn bá bọ́ sí nínú pálọ̀, màá máa bá a ṣí kiri títí di ìrọ̀lẹ́. Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí mo lọ nílé fún mi ní ojú tí mo fi ń kàwé. Kò fún mi ní ẹni tí a ó jọ sọ ohun tí mo kà.

Ẹnìkan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ yìí tí mo lè bá sọ èdè Ìjẹ̀ṣà láìronú, ìyẹn Ìyá Dúró, ọmọ Ìbòkun bíi tiwa, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lẹ́bàá Pretoria. Ọ̀nà ọ̀hún tó wákàtí kan. Káyọ̀dé ṣèlérí pé lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ní Sátidé, òun á máa gbé mi lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló mú un ṣẹ. Àárọ̀ Mọ́ńdè ló ń ra epo ọ̀sẹ̀. Nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, ọwọ́ mítà epo ti sùn sílẹ̀ pátápátá. Á ní màmá, ẹ má bínú, epo ò lè gbé wa dé ọ̀hún ká tún bọ̀. Mo máa ń sọ pé kò burú. Ó burú.

Tọ́lá ló kọ́kọ́ dá sí i. À ń bọ̀ láti ìsìn lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́ láti ẹ̀yìn sí nọ́ńbà kékeré kan lójú mítà, ó ní màmá àgbà, nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń mu epo tó. Bó bá kéré, ó dáa. Mo fi awò mi sójú, mo kà á. Káyọ̀dé rí i pé róbọ́ọ̀tì ti pọ́n níwájú, bí wọ́n ti ń pe iná ojú pópó níbí nìyẹn, síbẹ̀ ó ń tẹ iná mọ́ ọkọ̀, ó wá fi bíréèkì gbá a dúró gbì. Bí wọ́n ti ní ká máa lọ, ó tún tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nọ́ńbà náà fò sókè. Mo bi í pé ta ló ń lé e. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní eish, màmá, ẹ ti di ọlọ́pàá ojú pópó. Mo ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá rí iná pupa lókèèrè, kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ wo lẹ lọ ná? Mo ní ibi kan náà tí bàbá rẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ òkè láìwa ẹsẹ̀.

Láti ọjọ́ náà lèmi àti Tọ́lá ti di ọ̀gá lórí ọkọ̀ yẹn. A ṣí búùtù: kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin tó kún dẹ́nu ló ń gbé kiri láti ìgbà tí omi ẹ̀rọ ti dá ládùúgbò wa, pẹ̀lú àga ìjọ mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè. A kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Káyọ̀dé lọ fẹ́ táyà ní Rosettenville. Ẹni tó fẹ́ ẹ ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló rọ̀, pé ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ rọ̀ dà bí ẹni tó wọ sálúbàtà rìn nínú yanrìn. Àwọn onísàlúùnù tó wà lágbègbè kan náà, ó wá ń gbé ẹrù wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, ó ń jẹ́ kí àwọn táásì kọjá, òun dúró sórí eré kan. Wọ́n á fọn fèrè mọ́ ọn, á ní inú lòun ti ń dá wọn lóhùn.

Èyí tó kù wá kan èmi. Láràárọ̀, Káyọ̀dé máa ń tan ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnì lè gbóná, èmi á sì jáde pẹ̀lú ìborùn, màá gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá máa gbàdúrà. Ẹ mọ àdúrà mi. Màá ti orí ọkọ̀ bọ́ sórí ọ̀nà, màá bọ́ sórí àwọn oníbàárà, lẹ́yìn náà ni màá wá kì í, Àjàní, láti orí bàbá ńlá rẹ̀ títí kan ọ̀dọ̀ yín. Nígbà mìíràn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí n má purọ́, ọwọ́ mi ń gbóná lórí irin yẹn, kò sì sí ìgbà mìíràn láàárín ọjọ́ tí ọmọ mi ń dúró lójú kan kí n rí i. Tọ́lá rọra sọ ọ́, ó ní ọkọ̀ òde òní ò nílò kí á tàn án sílẹ̀ pẹ́, pé àdúrà màmá àgbà ló ń jẹ epo. Bàbá rẹ̀ ní kí ó panu mọ́. Mo rí i pé òun náà ti mọ̀ tipẹ́, ó ń bọ̀wọ̀ fún mi ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo gé àdúrà kúrú. Nínú ilé ni mo ti ń gbà á báyìí kí ó tó mú kọ́kọ́rọ́, gbólóhùn mẹ́ta, àmín. Á wọ ọkọ̀, á tàn án, ó ti lọ. Mo ṣì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà fúngbà díẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo ń dúró dè.

Ìyá mi, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, epo ṣẹ́ kù. Sátidé ọ̀hún, mo ti wọṣọ, mo ti wé gèlè ní aago méje. Káyọ̀dé jáde láti yàrá tayọ̀tayọ̀, ó ní màmá, ẹ ṣeun o, oníbàárà tuntun kan ní Soweto ń fẹ́ ẹrù lónìí, tẹ́lẹ̀ òun ì bá kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n epo wà. Kò rí gèlè lórí mi. Ó ní shap, bí wọ́n ti ń sọ pé ó dàbọ̀ níbí, ó ti jáde.

Mo rò pé kí n dákẹ́ bí mo ti máa ń dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Bó ti ń jẹun alẹ́, mo sọ fún un pé àdúrà mi ló bù sínú ọkọ̀ gbé lọ sí Soweto. Mo ní mi ò gé e nítorí oníbàárà kankan. Mo ní mo wá síbí láti wà pẹ̀lú ọmọ mi, mi ò wá ṣọ́ fèrèsé. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní òun ò rí i. Mo gbà pé kò rí i. Ẹni tó ń sáré kì í rí ẹni tó jókòó.

Àná la lọ. Mo sọ Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú Ìyá Dúró títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Káyọ̀dé ti sùn lọ lórí àga, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ewú ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ẹ̀yin ò tíì rí i. Ìyá Dúró bi mí bóyá ká jí i, pé ọjọ́ ń lọ. Mo ní ká fi í sílẹ̀. Mo gbé àga mi sún mọ́ ọn, mo jókòó tì í.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Àjò kì í dùn kí onílé má relé: ẹ ó rí wa, ẹ ó sì fi ọwọ́ ara yín kan ewú orí ọmọ náà. Kí Fúnmi bá mi kí gbogbo ará ilé, àti ẹni tó bá bèèrè mi àti ẹni tí kò bèèrè.

Èmi ọmọ yín, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́,
Àbẹ̀kẹ́.