Èmi àti Ọmọ Ìfọ́n Tòótọ́

Ọjọ́ Àìkú kẹta nínú Lẹ́ńtì

Inú mi dùn gan-an lónìí.

Lánàá, èmi tí wọ́n ń pè ní Pùròfẹ́sọ̀ kọ ọ́ sórí Fesibúùkù pé ẹni tó bá ń gba ara Kristi kò gbọdọ̀ tẹ̀lé olóṣèlú tó ń fi ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú Ìlọ́bù àti ìlú Ìfọ́n wá ìbò. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ọmọ Ìfọ́n Tòótọ́ fèsì pé ọmọ Ìlọ́bù ni mí, mo kàn ń fi Jésù bojú ni. Inú bí mi. Mo ní, "Ọmọdé yìí, lọ bi àwọn àgbà ilé rẹ léèrè."

Lónìí, èmi ọmọ Ìlọ́bù lọ sí Mísà ní Ìfọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìjà ti le. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Nígbà tí Fadá ní kí a fún ara wa ní àlàáfíà, mo yíjú sẹ́yìn. Màmá àgbà kan di ọwọ́ mi mú, wọn ò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Pùròfẹ́sọ̀, mo dá ojú rẹ mọ̀ láti orí Fesibúùkù. O ní kí n lọ bi àwọn àgbà ilé mi. Wọ́n ti kú tán. Èmi ló kù."

Yéè! Àárín àga ni mo dọ̀bálẹ̀ sí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Fóònù mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dún. Màmá ti kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi lórí Fesibúùkù, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á: "Àlàáfíà àárọ̀ yẹn, mo gbà á. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí o kọ, irọ́ wà níbẹ̀."

Mo fèsì níbẹ̀, kí àwọn ará Ìlọ́bù náà lè rí i: "Ẹ wí, mà. Mò ń gbọ́."