Ọwọ́ Màmá ní Lábù

Bọ̀ọ̀dá mi Bọ̀wálé,

Ẹ kú òtútù Kánádà. Mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́; wọ́n ti ń rìn láti Ojú Ọrẹ lọ sí ìpàdé àdúrà.

Èmi ni mi ò lè jókòó sójú kan. RNA, èròjà ara ewé tó tètè máa ń bàjẹ́, tí mo ń yọ lára ewé ẹ̀gẹ́ ní lábù yunifásítì wa láti èṣí, Màmá wá síbẹ̀ láti gbàdúrà sí i. Kí n tó yíjú, wọ́n ti ṣí àwọn ike kéékèèké náà, wọ́n ń fi ìka kán òróró sínú wọn. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ọ̀tá kankan ò ní lè fọwọ́ kàn án mọ́.”

Bọ̀ọ̀dá, ẹ́ńsáìmù kan wà lára awọ ọwọ́ gbogbo ènìyàn tó máa ń jẹ RNA run. Torí ẹ̀ la ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́. Gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Inú bí mi débi pé mo rìn dé Ìlò-Awẹ̀là láìmọ ohun tí mo ń wá.

Mi ò sọ fún Màmá; wọ́n fẹ́ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè pé iṣẹ́ mi ti yọrí. Tí wọ́n bá pè yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn yọ̀. Màá tún un bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lájò. Láàárọ̀ yìí, kí n tó lọ sí lábù, mo kúnlẹ̀, Màmá gbé ọwọ́ náà lé mi lórí. Mo ṣe àmín, tọkàntọkàn sì ni.

Àbúrò yín,
Ọpẹ́mipọ̀